Ra ọ̀kan, gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́: nínú èmi àti àbúrò mi, ta ló yẹ kó sanwó?

ÀKỌ́BÍ OBÌNRIN
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Ẹjọ́ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wojú dá a.

Ilé oúnjẹ wéréwéré tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin máa ń lọ gbé ìpolówó jáde: ra bọ́gà kan, gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Orí fóònù rẹ̀ ni kúpọ́ọ̀nù náà wọlé sí, torí òun ló ní áàpù wọn. Àpò mi ni owó ti jáde, gbogbo rẹ̀ pátá. Nígbà tí a jẹun tán nílé, mo ní kó dá ìdajì owó náà padà fún mi, ṣebí a jọ jẹ ẹ́ ni. Ọmọkùnrin yìí nu ẹnu, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ìpolówó yẹn kà. 'Ra', tiyín nìyẹn. 'Gba', tèmi nìyẹn. Ta ló ń sanwó ọ̀fẹ́?"

Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà tí a wà lórí ìlà, mo bi í bóyá kí n ra ànàmọ́ díndín fún òun náà. Ó ní rárá, ebi ò pa òun tó bẹ́ẹ̀. Mo ra tèmi nìkan. A ò tíì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú àpò bébà mi. Mo gbá a lọ́wọ́, ó ní èyí tó bá ti já bọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò kì í ṣe ti ẹnì kankan mọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń mi àpò yẹn tí wọ́n fi ń já bọ́!

Nígbà tí ariwo pọ̀, mo ní kò burú, màá fún un ní ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó kù, kí n lè ráyè jẹun. Ó fajú ro. Ó ní ahun ni mí, pé ẹ̀gbọ́n tó bá láàánú á fún àbúrò rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo fún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó dúpẹ́ gan-an. Mi ò tíì la ọ̀rọ̀ yẹn yé e o.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé ó yẹ kó sanwó àbí kò yẹ? Ta ló sì ni ànàmọ́ ìsàlẹ̀ àpò?

ÀBÚRÒ TÍ WỌ́N Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé pé èmi ni mo fi yín sínú ẹgbẹ́ yìí ni?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ tẹnu mi náà. Bí kì í bá ṣe fóònù mi, bọ́gà kan ṣoṣo ni owó tí ẹ̀gbọ́n mi san yẹn ì bá rà. Èmi ni mo sọ ọ́ di méjì. Wọ́n sanwó bọ́gà kan, wọ́n jẹ bọ́gà kan, kí ni wọ́n wá pàdánù? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ẹ ṣáà mọ bí òwe yẹn ṣe parí.

Kí ló sì dé tí wọn ò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi níbẹ̀? Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. A wà lórí ìlà, wọ́n yíjú sí mi, ojú wọn le bí ojú adájọ́, wọ́n ní kí n má gbàgbé láti béèrè bọ́gà ọlọ́wọ́ òsì, pé èyí táwọn yòókù ń jẹ, sọ́ọ̀sì inú rẹ̀ máa ń kán sí ọlọ́wọ́ òsì láṣọ. Mo béèrè. Ọmọbìnrin tó ń gbowó wò mí títí, ó ní òun ń bọ̀, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Ẹ wá ń bi mí léèrè owó! Owó ìtìjú tèmi ńkọ́?

ÀKỌ́BÍ OBÌNRIN
Ẹ bá mi bi í bóyá mo fipá mú un.

BÀBÁ ÌBEJÌ
Àbúrò, má sunkún, wọ́n ti mú àwọn tó jù ọ́ lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1998, ilé oúnjẹ wéréwéré Burger King ra odindi ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn USA Today ní Amẹ́ríkà, wọ́n kéde bọ́gà wọn tó ń jẹ́ Whopper, ti ọlọ́wọ́ òsì. Ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kàn ní àwọn ti yí ohun inú rẹ̀ po ní ìwọ̀n dígírì 180. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin jẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà sọ lọ́jọ́ kejì pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá béèrè rẹ̀, àwọn kan sì tún ń tẹnu mọ́ ọn pé ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n fún àwọn. Ohun tó rí rìbìtì! Bí o bá yí ohun tó rí rìbìtì po, ibo ló tún fẹ́ kọjú sí? Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ ìtàn yẹn dáadáa, ó ti ń wá ọjọ́ tó máa lò ó tipẹ́.

Ní ti owó, mi ò dá sí i. Ìbejì ni mo bí. Bí mo bá fi lè dá irú ẹjọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ti gba iṣẹ́ tí kò ní tán.

OLÙKỌ́ ÌṢIRÒ
Nígbà tí mo ka ibi ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn, ṣe ni mo gbé fóònù sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àbúrò, bí ànàmọ́ bá jẹ́ 12, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 4, ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ 3. Ẹnu ara rẹ lo fi dín in kù.

Àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹ̀sín ju bó ṣe yẹ lọ. Ní àwọn ọdún 1980, ilé oúnjẹ wéréwéré A&W ní Amẹ́ríkà gbé bọ́gà kan jáde tí ìwọ̀n ẹran rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta pọ́n-ùn, kí wọ́n lè fi bá Quarter Pounder ti McDonald's díje, èyí tí ẹran tirẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹran pọ̀ sí i, owó ò pọ̀ sí i, síbẹ̀ ọjà ò yá. A. Alfred Taubman, tó ni ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí wọ́n pe àwọn oníbàárà jọ láti wádìí ohun tó fà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń bínú pé èéṣe tí wọ́n fi fẹ́ gba iye kan náà lọ́wọ́ àwọn lórí ẹran tó kéré. Wọ́n rí 3, wọ́n rí 4, wọ́n mú 4. Àgbàlagbà tó ń ra ilé, tó ń ra mọ́tò, ni wọ́n o!

ÀBÚRÒ TÍ WỌ́N Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀
Ẹ̀gbọ́n mi. Mẹ́ta. Ẹ fún mi ní mẹ́ta dípò mẹ́rin, ẹ sì tún gba "ẹ ṣeun, ma" lọ́wọ́ mi.

ÀKỌ́BÍ OBÌNRIN
Ohun tí o béèrè ni mo fún ọ. Ṣé kí n máa bá oníbàárà mi jiyàn ni?

ẸLẸ́NU ṢÁṢÁ
Ẹ dákẹ́ ná, mo ní ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́gà tí ẹ gbà yẹn, ṣé ó jọ ti àwòrán ara ògiri wọn? Torí tèmi kì í jọ ọ́. Tinú àwòrán ga, tèmi pẹlẹbẹ.

MO Ń FI ÌPOLÓWÓ JẸUN
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí.

Ẹlẹ́nu, ní 2012 McDonald's ti Kánádà gbé fídíò kan jáde láti dáhùn ìbéèrè rẹ yìí gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ohun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì. Àkókò ló yàtọ̀. Ti ìtajà, bí ìṣẹ́jú kan báyìí ló gbà. Tinú àwòrán, ọ̀pọ̀ wákàtí. Wọ́n á fọwọ́ to gbogbo ohun inú rẹ̀ sí etí iwájú níbi tí kámẹ́rà ti máa rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣófo. Tìrẹ ní tiẹ̀, inú páálí ló wà pẹ̀lú ooru, ooru yẹn á sì mú kí búrẹ́dì rẹ̀ súnkì.

Ó yá, ẹjọ́. Ọ̀fẹ́ ò sí níbẹ̀. Ẹni tó kọ "ra ọ̀kan, gba ọ̀kan" lè kọ "ìdajì owó", ìṣirò kan náà ni fún ẹni tó bá mú méjì. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ìdajì owó, ẹ lè mú ẹyọ kan kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Èyí tó kọ yìí, dandan ni kí méjì jáde, ẹni tó bá sì gbé méjì yóò pe ẹnì kejì dání, ẹni kejì á fẹ́ mu nǹkan, wọ́n á ra ànàmọ́. Ibẹ̀ lèrè wà. Àkọ́bí, ànàmọ́ wo lẹ rà, kékeré, àárín, àbí ńlá?

ÀKỌ́BÍ OBÌNRIN
Ńlá.

MO Ń FI ÌPOLÓWÓ JẸUN
Kí ló dé?

ÀKỌ́BÍ OBÌNRIN
Owó àárín àti owó ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà. Ta ni yóò wá ra àárín?

MO Ń FI ÌPOLÓWÓ JẸUN
Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Wọn ò retí kí ẹnikẹ́ni rà á. Àárín kàn dúró síbẹ̀ kí ńlá lè dà bí ọ̀pọ̀ lójú yín ni. Kékeré lẹ bá lọ, ńlá lẹ gbé bọ̀, inú yín tún dùn.

Kúpọ́ọ̀nù ló kù. Ẹ má bínú o, àmọ́ àbúrò yín sanwó. Orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ibi tó wà, àkókò tí ebi sábà máa ń pa á, gbogbo rẹ̀ ni irú áàpù bẹ́ẹ̀ máa ń kó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Burger King ta Whopper ní sẹ́ǹtì kan péré ní Amẹ́ríkà, àmọ́ orí áàpù wọn nìkan lèèyàn ti lè rà á, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 600 sí ìtajà McDonald's kí áàpù náà tó gbà fún un. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ McDonald's láti ra ọjà ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn, mi ò lè parọ́, ó wù mí pé kí n jẹ́ ẹni tó rò ó. Ṣé sẹ́ǹtì kan yẹn ni wọ́n wá ń wá? Kí áàpù wọlé sórí fóònù àwọn èèyàn ni, kó sì máa mọ ibi tí wọ́n wà.

ÀBÚRÒ TÍ WỌ́N Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀
Ẹ gbọ́ o! Mo sanwó! Bó bá ti di ọ̀sán, fóònù mi á dún, á ní "Ṣé ebi ò tíì pa ọ́ ni?" Mo lè wà ní kíláàsì o. Olùkọ́ á ní ta ni ebi ń pa. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ìyà tí mo ń jẹ nítorí bọ́gà wa.

ÀKỌ́BÍ OBÌNRIN
Bọ́gà wa? Ó ti di tiwa?

BÀBÁ ÌBEJÌ
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dúpẹ́ pé àsìkò yìí ni. Ní 2009, Burger King yìí kan náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ Whopper ọ̀fẹ́ yọ ọ̀rẹ́ mẹ́wàá kúrò lórí Facebook rẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ á sì gbọ́ pé torí bọ́gà ni wọ́n ṣe yọ òun. Èèyàn tí wọ́n yọ lé ní 200,000 kí Facebook tó ní kí wọ́n dẹ́kun fífi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́.

ÀBÚRÒ TÍ WỌ́N Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀
Mẹ́wàá? Ẹ̀gbọ́n mi nìkan tó mẹ́wàá.

ÌYÁ ÀGBÀ TÓ Ń DÁ ẸJỌ́
Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́bí, dáhùn lóòótọ́: ká ní kúpọ́ọ̀nù ò sí, ṣé o ì bá ra bọ́gà fún un?

ÀKỌ́BÍ OBÌNRIN
Ì bá máa wò mí lẹ́nu, ma. Mi ò sì lè jẹun báyẹn. Màá rà á.

ÌYÁ ÀGBÀ TÓ Ń DÁ ẸJỌ́
Nígbà náà owó bọ́gà kan ni fóònù rẹ̀ bá ọ dín kù. Kò jẹ ọ́ ní gbèsè. Ká ní o ò ní rà á fún un ni, èmi ì bá ní kó san ìdajì. Ní ti ànàmọ́, ẹni tó bá ti ní ebi ò pa òun, kó jìnnà sí i, ì báà jẹ́ òkè àpò, ì báà jẹ́ ìsàlẹ̀. Ọmọ, dá mẹ́ta padà.

ÀBÚRÒ TÍ WỌ́N Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀
Ẹ ṣeun, ma. Wọ́n ti wà nínú mi, ma.

ÈMI NÁÀ ÀKỌ́BÍ NI
Mi ò fara mọ́ ìdájọ́ Màmá lórí owó, wọ́n ti ń kẹ́ àwọn àbúrò jù láyé yìí. Àmọ́ lórí ànàmọ́, ẹ gba ìmọ̀ràn mi: bí àbúrò yín bá ti ní ebi ò pa òun, ẹ ra méjì. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ má wò ó lójú, ẹ kàn ra méjì.

AKÀWÉ TÍ KÌ Í SỌ̀RỌ̀
Mi ò kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ níbí, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Púpọ̀ nínú àwọn áàpù yẹn máa ń fún èèyàn ní pọ́ìntì lórí owó tó bá ná. Àkọ́bí ló ń sanwó, fóònù àbúrò ni wọ́n ń fi hàn. Pọ́ìntì yẹn ńkọ́?

ÀKỌ́BÍ OBÌNRIN
Pọ́ìntì wo?

MO Ń FI ÌPOLÓWÓ JẸUN
Họ́wù. Kí àwọn oníbàárà lè tún padà wá ni wọ́n ṣe ń fún wọn ní pọ́ìntì. Bó bá ti pọ̀ tó, wọ́n á fi gba oúnjẹ láìsan owó kankan. Gbogbo ìgbà tí ẹ ti ń sanwó níbẹ̀ ló ń wọlé sórí fóònù ẹni tó ni áàpù.

ÀKỌ́BÍ OBÌNRIN
Àwọn ìrọ̀lẹ́ tó ń ní òun fẹ́ lọ kàwé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun. Tó bá dé, á ní òun ò jẹ oúnjẹ alẹ́, ìwé ti yó òun. Mo ń yìn ín! Mo ń sọ fún màmá wa pé ọmọ yìí ti ń ní làákàyè!

ÀBÚRÒ TÍ WỌ́N Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀
Ẹ̀yin ará, iná fóònù mi ti fẹ́ tán, ó dàárọ̀ o.

ÀKỌ́BÍ OBÌNRIN
Yàrá tó kàn mí lo wà. Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń tẹ fóònù. Dúró dè mí níbẹ̀.

ÀBÚRÒ TÍ WỌ́N Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀
Ìbéèrè kánjúkánjú, ẹ̀yin àgbà: báwo ni wọ́n ṣe ń yọ áàpù kúrò lórí fóònù?