Eré ẹṣin lórí tẹlifíṣọ̀n: ta lẹ máa ń fetí sí nínú wọn?

Ọmọ Arákalẹ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Akúrẹ́ àti Oǹdó. Nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí eré ẹṣin, àti atọ́kùn, àti ẹni tó ń ròyìn eré bó ṣe ń lọ, àti àwọn tó ń júwe ẹṣin tó máa jẹ, ta lẹ gbà gbọ́, kí lẹ sì rí? Ẹ mú ẹ̀rí wá. Èébú lásán kò tó.

Òkè-Àró Bọ̀ìsì
Kò sẹ́nì kankan. Ilé tẹ́tẹ́ ló ń bọ́ gbogbo wọn.

Àgbà Sábó Oǹdó
Má kó wọn pọ̀, ọmọ mi. Ẹni tó ń ròyìn eré kò bá ẹnikẹ́ni mú ẹṣin. Wo iṣẹ́ rẹ̀ ná. Grand National, eré ńlá tí wọ́n ń sá ní pápá Aintree nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin 40 ló ń sá a tẹ́lẹ̀, 2024 ni wọ́n dín in kù sí 34. Fẹ́ǹsì 30 ni wọ́n ń fò, ọ̀nà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 7. Jálẹ̀ gbogbo ìyẹn, kò gbọdọ̀ ṣi orúkọ pè. Àwọ̀ aṣọ agẹṣin ló fi ń dá wọn mọ̀, torí olówó ẹṣin ló ni àwọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, á fi gègé aláwọ̀ ya aṣọ kọ̀ọ̀kan sórí páálí, á fọwọ́ bo orúkọ, á máa dán ara rẹ̀ wò títí orúkọ á fi máa jáde lẹ́nu rẹ̀ láìrò ó. Bí olówó kan bá ní ẹṣin mẹ́ta nínú eré kan, aṣọ wọn dọ́gba, fìlà nìkan ló yàtọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣì í. Tí òjò bá wá rọ̀, tó bá fi máa di ìyípo kejì, ẹrẹ̀ ti bo aṣọ. Irun àgùntàn tí wọ́n so mọ́ imú ẹṣin, ojú funfun, tàbí bí agẹṣin ṣe jókòó lórí gàárì ló kù tó lè wò. Ẹ wá ń sọ pé ilé tẹ́tẹ́ ló ń bọ́ ọ.

Ẹlẹ́ṣin Ìjàpọ̀
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí kò bá mọ Foinavon, kó má dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹṣin ni. Grand National 1967, fẹ́ǹsì 23, èyí tó kéré jù ní pápá yẹn. Ẹṣin kan tí agẹṣin rẹ̀ ti já bọ́, Popham Down, ṣàdédé fẹ̀gbẹ́ gba iwájú àwọn yòókù kọjá, ni gbogbo wọn bá kọlu ara wọn. Foinavon ti wà lẹ́yìn tipẹ́, ìyẹn ló gbà á là, ó ráyè yọ láàárín wọn, ó sì jẹ. Michael O'Hehir ló ń ròyìn ní apá ibẹ̀, orúkọ tó tọ́ ló sì pè lójú ẹsẹ̀, nínú rúkèrúdò yẹn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ti lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn àwọn agẹṣin, ó rí aṣọ kan tí kò mọ̀ rí, ó sì béèrè pé ẹṣin wo nìyí. Ìbéèrè kan ṣoṣo.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ti Já
Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ọ́ọ̀dì ẹ̀?

Ẹlẹ́ṣin Ìjàpọ̀
100/1, ìyẹn N1 á mú èrè N100 wá, yàtọ̀ sí N1 tẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó bá Tote ta á, níbi tí wọ́n ti ń kó owó gbogbo èrò pọ̀ kí wọ́n tó pín in, gba 444/1.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ti Já
Yééè.

Ìyá Oníbàtà Ọjà Ọba
Àwọn tó já bọ́ ńkọ́? Ṣebí bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn?

Ẹlẹ́ṣin Ìjàpọ̀
Àwọn kan tún un gùn lọ́jọ́ náà, mà. Honey End tí èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jù há síbẹ̀, ó padà lé wọn bá, ipò kejì ló gbà. Ṣùgbọ́n láti 2009 ni wọ́n ti fòfin dè é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí agẹṣin bá ti kúrò lórí ẹṣin, eré rẹ̀ ti parí. Òwe yín kò wọ Aintree mọ́ 😂

Olóyè Ìjòkà
Peter O'Sullevan ni baba àwọn tó ń ròyìn eré. BBC, 1947 títí dé 1997, àádọ́ta ọdún gbáko. Awò ńlá tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àwọn Jámánì ló fi ń wòran. Ohùn rẹ̀ kì í sáré ju ẹṣin lọ. Àwọn ti ìsìnyí, láti fẹ́ǹsì kìíní ni wọ́n ti ń pariwo, tó bá wá kan ibi tó yẹ kéèyàn pariwo, kò sí ohùn mọ́.

Òkè-Àró Bọ̀ìsì
O'Sullevan tí ẹ ń yìn yẹn, òun náà ní ẹṣin tiẹ̀. Báwo ni ẹlẹ́ṣin á ṣe ròyìn láìṣègbè? Ẹ má tàn wá.

Olóyè Ìjòkà
Ìwọ lo máa wá ẹ̀rí fún mi, mi ò ní wá a fún ẹ. Triumph Hurdle, eré kan ní pápá Cheltenham, 1974. Attivo ló jẹ. O'Sullevan ló ni Attivo, òun náà ló ròyìn eré yẹn. Gbọ́ ọ, kó o wá sọ fún mi ibi tí ohùn rẹ̀ ti yí padà. Bó ṣe ń pe ẹṣin àwọn ẹlòmíì náà ló pe tirẹ̀.

Òkè-Àró Bọ̀ìsì
Mo gbọ́, sà.

Ọmọ Arákalẹ̀
Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí àwọn tó ti kú. Àwọn ti ITV, tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì tó gba eré lọ́wọ́ Channel 4 ní 2017 ńkọ́? Ruby Walsh, A.P. McCoy, Matt Chapman?

Àgbà Sábó Oǹdó
Ruby Walsh nìkan ni mo lè jókòó tì. Ẹṣin 59 ló gùn jẹ ní àwọn ọjọ́ ńlá Cheltenham, ó sì gba Grand National lẹ́ẹ̀mejì, 2000 àti 2005, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo ń wí. Bó ṣe ń dá fídíò dúró ni. Á fi ìka han ìṣísẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kí ẹṣin tó fò. Ẹ máa wo ibi tí ẹṣin ń tẹ̀ sí lójú òfuurufú. Cheltenham àti Aintree, apá òsì ni wọ́n ń yí sí. Ẹṣin tó bá ń tẹ̀ sọ́tùn-ún tó bá fò, gbogbo fẹ́ǹsì ló ti ń fi ọ̀nà ṣòfò, tó bá fi máa di ìparí, àlàfo náà ti tó ara ẹṣin mélòó kan. Mú ẹṣin yẹn kan náà lọ sí Ascot, Sandown tàbí Kempton tó ń yí sọ́tùn-ún, ó di ẹṣin míì. Ọ̀pọ̀ tó ń ta tẹ́tẹ́ ní Akúrẹ́ yìí kò wo ẹ̀gbẹ́ tí pápá yí sí rí. Ipò tí ẹṣin gbà nígbà tó kọjá ni wọ́n ń kà.

Bàálẹ̀ Káńkúlétọ̀
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agẹṣin àtijọ́ kì í ṣe alásọtẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn ló ń tọ́ ẹṣin, ọ̀rẹ́ wọn ló ń gùn ún. Ta ló máa sọ lójú tẹlifíṣọ̀n pé ẹṣin ọ̀rẹ́ òun kò dáa? Nínú ẹṣin mẹ́wàá tí wọ́n bá bi wọ́n léèrè, mẹ́jọ ló "wà ní ipò tó dára." Ohun tí wọn ò sọ ni kẹ́ ẹ máa gbọ́.

Ọmọ Gúúsù FUTA
Chapman ńkọ́? Ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ti Já
Ariwo ẹ̀ ni mò ń tìtorí ẹ̀ wò ó o.

Ìyá Oníbàtà Ọjà Ọba
Ẹ ẹ̀ tíì rí ariwo. McCririck ti Channel 4 ńkọ́, ọkùnrin tó ń ju ọwọ́ sókè sódò?

Olóyè Ìjòkà
Ọwọ́ yẹn kì í ṣe ijó, mà. Tic-tac ni wọ́n ń pè é. Òun ni àwọn onítẹ́tẹ́ inú pápá fi ń ránṣẹ́ ọ́ọ̀dì síra wọn láti ọ̀nà jíjìn kí fóònù alágbèéká tó dé. McCririck mọ̀ ọ́n dunjú.

Ìyá Oníbàtà Ọjà Ọba
Ó mọ̀ ọ́n, ẹnu ẹ̀ kò sì dáa sí obìnrin. Wọ́n ní kó máa lọ ní 2012, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ pé torí ọjọ́ orí ni, wọ́n dá a lẹ́bi. Ó dùn mọ́ mi. Rachael Blackmore wá gba Grand National pẹ̀lú Minella Times ní 2021, obìnrin àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni tún wá sọ̀rọ̀.

Olóyè Ìjòkà
Mi ò jiyàn ẹnu ẹ̀ o. Imọ̀ ni mò ń sọ.

Bàálẹ̀ Káńkúlétọ̀
Ẹ padà síbi tí owó wà. Àwọn tó ń júwe ẹṣin. Gbogbo wọn ló ń ka iye ìgbà tí wọ́n jẹ, irọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi N1,000 sórí ẹṣin 100, iye kan náà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni kìíní jẹ 20, ọ́ọ̀dì rẹ̀ 3/1. Ohun tó padà sọ́wọ́ yín ni N80,000 nínú N100,000. Ẹni kejì jẹ 12 péré, àmọ́ 9/1 ni. N120,000 ló padà. Ẹni tó jẹ díẹ̀ ló lérè.

Ẹ dúró, kò tíì tán. Aago méje àárọ̀ ni ẹni kejì yẹn sọ̀rọ̀, 9/1 ló sì kọ sílẹ̀. Tí èrò bá ti rọ́ lu ẹṣin yẹn, ọ́ọ̀dì á bọ́ sí 5/1 kẹ́ ẹ tó jí. 12 ní 5/1 jẹ́ N72,000. Ẹṣin kan náà, èsì kan náà, òun jèrè lórí ìwé, ẹ̀yin sì pàdánù N28,000. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹ béèrè pé ọ́ọ̀dì wo ló fi ṣírò: ti àárọ̀ ni, tàbí SP, ìyẹn iye tí ẹṣin wà nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Gúúsù FUTA
Àwọn ti Telegram tó ń fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì hàn wá ńkọ́ sà? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ.

Bàálẹ̀ Káńkúlétọ̀
Kì í ṣe ẹṣin kan náà ni wọ́n ń júwe fún gbogbo yín. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ní èèyàn 800, tí eré sì ní ẹṣin 8. Á pín yín sí 100, 100, á fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ẹṣin tirẹ̀. Èèyàn 100 kan gbọ́dọ̀ rí i pé ó jẹ. Àwọn ẹni 100 yẹn ló máa sanwó "VIP" lọ́la. Àwọn 700 tó kù, á yọ wọ́n kúrò, ẹ ò sì ní gbúròó wọn. Ti àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń yí iye orí rẹ̀ padà. Ẹ gba nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti bo nọ́ńbà, ẹ sá.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ti Já
Èmi each way ni mò ń ta. Tó bá ti gbapò, owó wọlé. Kò sí wàhálà.

Àgbà Sábó Oǹdó
Wàhálà wà. N1,000 each way, N2,000 lo san: ìdajì pé á jẹ, ìdajì pé á gbapò. Ká ní ìdá márùn-ún ọ́ọ̀dì ni wọ́n ń san fún ipò. Ẹṣin 10/1 ṣe ipò kẹta: ìdajì àkọ́kọ́ jó, èkejì di 2/1, o gba N3,000. Ó dáa. Ẹṣin 4/1 wá ṣe ipò kẹta. 4/5 ni wọ́n máa san. N1,800 lo gbà. O "jẹ," o sì pàdánù igba náírà.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ti Já
Rárá sà, ìdá mẹ́rin ni wọ́n ń san fún ipò.

Àgbà Sábó Oǹdó
Iye ẹṣin ló ń sọ ọ́. 5 sí 7: ìdá mẹ́rin, ipò méjì péré. 8 sókè: ìdá márùn-ún, ipò mẹ́ta. Eré tí wọ́n ti pín ẹrù fún ẹṣin bí agbára wọn, 12 sí 15: ìdá mẹ́rin, ipò mẹ́ta; tí wọ́n bá tó 16: ìdá mẹ́rin, ipò mẹ́rin. Mẹ́rin sísàlẹ̀, kò sí ipò rárá. Ìwọ ka ẹṣin kó o tó sanwó. Tí ẹṣin 8 bá sì wà láàárọ̀, tí ọ̀kan yọ kúrò, ipò kẹta ti lọ nìyẹn.

Òkè-Àró Bọ̀ìsì
Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn eré inú kọ̀ǹpútà (virtual) nìyẹn. Kò sí ẹṣin tó ń yọ, kò sí òjò. Ìṣẹ́jú díẹ̀, eré míì ti dé.

Ọmọ Gúúsù FUTA
Bọ̀ọ̀sì mi, ìyẹn kì í ṣe eré. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mú, àwòrán wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń pariwo níbẹ̀ kò rí ẹṣin kankan, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀, nọ́ńbà ló sì ń pè. Kò sí ẹṣin tó fẹ́ràn ẹrẹ̀, kò sí ẹni tó sanra jù. Wo ọ́ọ̀dì ajá mẹ́fà inú kọ̀ǹpútà bí irú èyí, iye tí N1 máa dà, tòun ti owó tó o fi sílẹ̀: 2.5, 4, 5, 6, 8, 10. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pín 100: 40, 25, 20, 16.7, 12.5, 10. Àròpọ̀ jẹ́ 124.2. Ohun tó lé lórí 100 ni ti ilé tẹ́tẹ́. Tó o bá ta gbogbo ajá mẹ́fà kí èyíkéyìí tó jẹ lè san iye kan náà fún ẹ, nínú N1,000 tó o fi sílẹ̀, nǹkan bí N805 ló máa padà. Gbogbo ìgbà.

Òkè-Àró Bọ̀ìsì
Ti ẹṣin gidi kò ní tiẹ̀ ni?

Ọmọ Gúúsù FUTA
Ó ní. Ṣùgbọ́n nínú ti gidi, o lè mọ ohun tí onítẹ́tẹ́ kò mọ̀. Nínú ti kọ̀ǹpútà, kò sóhun tó wà níbẹ̀ láti mọ̀.

Ìyá Oníbàtà Ọjà Ọba
Wọ́n tiẹ̀ ti dá owó padà rí nínú ti gidi. Grand National 1993, ìbẹ̀rẹ̀ dàrú, ọ̀pọ̀ agẹṣin kò mọ̀ pé wọ́n ti pè wọ́n padà, àwọn kan sá a tán. Esha Ness ló kọ́kọ́ dé, wọ́n fagi lé e, gbogbo tẹ́tẹ́ padà sọ́wọ́ olówó.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ti Já
Ẹni tó ta Esha Ness ńkọ́?

Ìyá Oníbàtà Ọjà Ọba
Owó ẹ̀ nìkan ló gbà. Kò gba èrè.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ti Já
Olúwa ṣàánú.

Ẹlẹ́ṣin Ìjàpọ̀
Ẹ má gbàgbé Rule 4 náà. Tí ẹṣin tó ní ọ́ọ̀dì kékeré bá yọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ta tiyín, wọ́n máa gé èrè yín. Èyí tó wà ní 1/1 bá yọ, N45 ni wọ́n máa gé nínú N100 èrè. 4/1 bá yọ, N20. Tó bá ju 14/1 lọ, wọn ò gé nǹkan kan. Atọ́kùn tó dáa máa ń sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn míì á máa sọ̀rọ̀ fìlà obìnrin títí agogo á fi lù.

Ìyá Oníbàtà Ọjà Ọba
Fìlà náà dáa o 😂

Òkè-Àró Bọ̀ìsì
Ó dáa, mo ti gbọ́. Ti Cheltenham, aago tí wọ́n ń pè yẹn, ṣé tiwa ni àbí tiwọn?

Àgbà Sábó Oǹdó
Tiwọn. Oṣù kẹta ni Cheltenham, wọn ò tíì yí aago wọn nígbà yẹn, fi wákàtí kan kún un. Aago mẹ́rin wọn, aago márùn-ún tiwa. Tó bá di Grand National ní oṣù kẹrin, wọ́n ti yí i, aago wa dọ́gba nìyẹn.