Ta ló ń "rán" aṣọ ní Bọ́mà?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ti ka ìtumọ̀ tí ọ̀rẹ́ wa ṣe sí ìròyìn àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ òyìnbó tó ń kó ọjà láti Bọ́mà (orílẹ̀-èdè Asia tí àwọn mìíràn ń pè ní Myanmar) lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2021. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì há mi lọ́fun. Wọ́n pe H&M àti Primark ní "ilé-iṣẹ́ aránṣọ", wọ́n sì pe bí wọ́n ṣe ń kó ọjà níbẹ̀ ní "ìsorísun aṣọ".

Ti èkejì kò gba àkókò. Omi ló ń sun, aṣọ kì í sun. Ẹ wí pé wọ́n gbéṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ Bọ́mà, gbogbo ayé á gbọ́.

"Aránṣọ" ni ìjà mi. "A-" iwájú ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Apẹja ló ń pa ẹja, akọrin ló ń kọrin. Bí H&M bá jẹ́ aránṣọ, kí ni a ó pe ọmọbìnrin tó jókòó sídìí maṣíìnì ní Hlaing Tharyar, ní ìlú Yangon, tí òfin ibẹ̀ fi owó-ọ̀yà ọjọ́ kan tó kéré jù sí 4,800 kyat, owó Bọ́mà, ní 2018? Ní àdúgbò yẹn kan náà ni àwọn ṣójà ti yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta 2021. Kí ó tó di ìgbà náà, wọ́n ti fòfin de ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 16. Òun ni aránṣọ. A kò gbọdọ̀ gba orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò di abẹ́rẹ́ mú rí.

Ìyá mi rán aṣọ ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Bí aṣọ ẹbí bá pọ̀, wọ́n á pín in fún obìnrin mẹ́ta tó ní maṣíìnì nílé. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà gbé bùbá dé, abẹ́ apá ti tú. Èmi ọmọdé sáré dáhùn pé kì í ṣe ìyá mi ló rán an. Wọ́n fi rúlà gbá mi lẹ́yìn ọwọ́, wọ́n ní, "Èmi ni mo rán wọn." Wọ́n tún un rán lójú oníbàárà, wọn ò gba kọ́bọ̀. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá aṣọ ni wọ́n ní lọ́kàn ni, àbí àwọn obìnrin náà. Ohùn òkè kan náà ló wà lórí "rán" méjèèjì. (Ẹni tó kọ "arànṣọ" lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jọ̀wọ́: "ràn" ni ti àrùn àti ti ìrànlọ́wọ́.)

Nítorí náà, "aránniránṣọ", ẹni tó ń rán ẹlòmíràn pé kó rán aṣọ, ni mo mú wá, bí "amúnisìn" ṣe rí. Levi Strauss, ilé-iṣẹ́ aṣọ Amẹ́ríkà, ti kó kúrò ní Bọ́mà láti 1992 nítorí àwọn ológun. Primark kéde ní 2022, H&M ní 2023, pé àwọn ń fà sẹ́yìn. Àwọn kan ní bí wọ́n bá lọ, ebi ni yóò pa ọmọbìnrin náà. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2022, báńkì àpapọ̀ Bọ́mà, tó wà lábẹ́ àwọn ológun, pàṣẹ pé kí wọ́n ṣẹ́ dọ́là tó bá wọlé sí kyat láàárín ọjọ́ kan. Ta ni dọ́là yẹn wá ń dé ọwọ́ rẹ̀? Ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ẹ tún ní kí n kọ "Myanmar". Ìjọba ológun ló pàṣẹ orúkọ yẹn ní 1989. Bàbá bàbá mi ja ogun Bọ́mà, Bọ́mà ni wọ́n pè é títí wọ́n fi kú, n kò sì ní yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè ní "aránniránṣọ" gùn jù. "Aṣojúṣòfin" náà gùn, a sì ń pè é lórí rédíò lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú, tó ṣì jẹ́ kí á mọ ẹni tó rán ẹni, kí ó mú un wá.