Erékùṣù jíjìnnà pẹ̀lú àwọn ọmọ: ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, kí lojú yín rí?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sinmi ní erékùṣù kan tó jìnnà sí ariwo, tí oòrùn wà, tí èrò ò pọ̀. Ìyá ọkọ mi ń bá wa lọ. Ọkàn wa pín sí Maldives àti Rodrigues, erékùṣù kékeré tó wà lábẹ́ Mauritius. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Tóyìn: La Digue, ní Seychelles! Kẹ̀kẹ́ ológeere ni tọmọdé tàgbà ń gùn níbẹ̀, mọ́tò ò tó nǹkan. Ẹkún làwọn ọmọ mi fi kúrò.

Adéwálé: La Digue kẹ̀? Ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń já èrò sí láràárọ̀ láti Praslin, erékùṣù Seychelles mìíràn? Ìrìn bí ìṣẹ́jú 15 ni. Ibi jíjìnnà kọ́ nìyẹn.

Tóyìn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ sùn síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ti kó àwọn tó wá ṣeré padà, ibẹ̀ á pa rọ́rọ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ omi etíkun Grand Anse o, pàápàá láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn. Omi ibẹ̀ ń wọ́ èèyàn lọ sójú agbami. Anse Source d'Argent ni tàwọn ọmọdé, òkúta iyùn inú òkun (coral) ti dá ìgbì dúró níwájú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, gbọ́ tèmi. Maldives la lọ. Àwọn ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń balẹ̀ sórí omi níbẹ̀ kì í fò lóru, ọ̀sán nìkan ni. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí bàlúù ńlá gbé wa dé, la bá sùn sí Hulhumalé, nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni pé lóru ọjọ́ kan tí a ti wà ní erékùṣù, ara Táíwò gbóná, ó ń gbọ̀n. Kò sí dókítà. Bàlúù ò lè wá àfi tílẹ̀ bá mọ́. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ní ìgbì ga jù. Mo gbé ọmọ mọ́yà dé ìdájí, mo ń fi aṣọ tútù nù ún lára, mo ń pe Ọlọ́run. Kí oòrùn tó yọ, ara rẹ̀ wálẹ̀.

Ṣadé: Hà! Àyà mi já. Kẹ́hìndé ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ó ń sùn, ó ń hanrun.

Bàbá Fẹ́mi: Ṣé torí ibà ọmọdé lẹnì kan ò fi ní lọ síbi kan mọ́? Ibà ń mú ọmọ nílé náà.

Ìyá Ìbejì: Bàbá Fẹ́mi, mi ò ní kó má lọ. Nílé, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ dókítà lóru. Níbẹ̀ ńkọ́? Kó tó sanwó, kó bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn kúrò lóru. Tí wọn ò bá lè dáhùn tààrà, kó wá ibòmíì.

Ṣadé: Òótọ́ pọ́ńbélé.

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́: Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Ẹ̀fọn tó ń kó ibà dengue ń jẹni lójú ọ̀sán, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ bá ṣú kẹ́ ẹ tó fi oògùn ẹ̀fọn pa ọmọ lára. Tí ara bá gbóná níbi tí dengue wà, parasitámọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ lò, bí ọmọ ṣe wúwo tó ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí aspirin, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa ya. Ẹ kó ìyẹ̀fun iyọ̀-àti-ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu (ORS) dání pẹ̀lú.

Kúnlé: Wọ́n gba òkúta iyùn lọ́wọ́ ọmọbìnrin mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú Maldives. Etíkun ló ti ṣà á. Ó sunkún títí. Òkúta lásán!

Adéwálé: Lásán kọ́ o, Kúnlé. Orí iyùn ni gbogbo erékùṣù Maldives dúró lé. Òfin ò jẹ́ kí wọ́n kó o jáde, bó sì ṣe yẹ nìyẹn.

Kúnlé: Ọmọ ọdún márùn-ún?

Adéwálé: Gbogbo ọmọ ọdún márùn-ún tó bá dé ibẹ̀ ńkọ́? Àbẹ̀kẹ́, Rodrigues ni tèmi. Bàlúù ń gbé yín láti Mauritius, bíi wákàtí kan ààbọ̀. Omi inú òkúta iyùn yí erékùṣù ká, kò sì jìn. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ pa octopus, ẹran omi ọlọ́wọ́ mẹ́jọ, àfi ní àkókò tí ìjọba bá fòfin dè é kó lè bímọ. Ẹ má lọ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ìgbà ìjì líle nìyẹn, bàlúù lè má gbéra. Ìgbà yòówù kẹ́ ẹ lọ, ẹ fi àyè ọjọ́ bíi méjì sílẹ̀ ní Mauritius kẹ́ ẹ tó forí lé ilé.

Bàbá Fẹ́mi: Ẹ ń wá ìdákẹ́jẹ́, ẹ tún mú ìyá ọkọ dání?

Ṣadé: Bàbá Fẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá ọkọ mi ló jẹ́ kí èmi àti ọkọ mi rí àyè jọ rìn létíkun. Màmá gan-an ló gbádùn ẹ̀ jù.

Ìyá Ìbejì: Tó bá jẹ́ àgbà ni, ẹ rántí pé pèpéle orí omi tí wọ́n ti ń wọ bàlúù Maldives ń mì, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kí orúnkún màmá má lọ fà á.

Àbẹ̀kẹ́: Orúnkún wọn ló ń dùn wọ́n gan-an! Rodrigues náà ni, oṣù kẹsàn-án. Mo ti kọ ìbéèrè Ìyá Ìbejì ránṣẹ́ sí onílé tá a fẹ́ dé sí.

Adéwálé: Ẹ ra bàtà omi fún gbogbo yín, màmá náà. Ẹ̀gún inú omi yẹn ń gún ẹsẹ̀.

Kúnlé: Ṣé wọ́n ń gba ìkarahun níbẹ̀ náà?