Àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì kó bá mi o, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó yẹ?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àmọ́ àkànlò èdè wọn ń dá mi lágara. Lọ́sẹ̀ tó kọjá bàbá ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kú, mo fẹ́ kọ i-méèlì ìbánikẹ́dùn sí i, mo wá rántí "kick the bucket", bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn o, pé ó dùn mí pé bàbá yín "kicked the bucket". Látọjọ́ yẹn kì í wojú mi mọ́. Díkíṣọ́nárì tí mo wò, "kú" ló kọ síbẹ̀, kí wá ni mo ṣe?

Èsì 1:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìtumọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn ò ṣì, ibi tẹ́ ẹ ti lò ó ló ṣì. Ó ti wà nínú ìwé tí Francis Grose kó ọ̀rọ̀ ìgboro jọ sí lọ́dún 1785, ọ̀rọ̀ ìgboro náà ló sì jẹ́ dòní. Ẹ wo tiwa náà, ọba wàjà, àgbàlagbà jáde láyé, ẹ ò jẹ́ dúró níwájú ọmọ olóòkú kẹ́ ẹ ní bàbá ẹ̀ ta téru nípàá. "Passed away" lẹ ò bá kọ. Ẹ lọ bá a lójúkojú kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ má fi i-méèlì ṣe é.

Èsì 2:
Èmi ò kí ń tú u ní wóró wóró mọ́, tiwa tó jọ ọ́ ni mo máa ń wá. "It cost an arm and a leg", apá àtẹsẹ̀ ni wọ́n ní ó náni, àwa ní ó wọ́n bí ojú. "Once in a blue moon", ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "turn a blind eye", ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé lójú ogun Copenhagen lọ́dún 1801, wọ́n fi àsíá ṣe àmì sí Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kó padà lẹ́yìn ogun, ojú ọ̀tún ẹ̀ ò ríran mọ́, ló bá gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú yẹn gan-an, ó ní òun ò rí àmì kankan, ó ń bá ìjà lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ọ̀hún kedere, ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ mójú kúrò ni.

Èsì 3:
Ẹ má sì yí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ padà o. Pail àti bucket, korobá ni méjèèjì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní "kick the pail", ẹni tó gbọ́ á rò pé ẹ fẹsẹ̀ ta korobá lóòótọ́ ni.

Oníbèéèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti lọ bá a, ó ní òun rò pé mo ń fi bàbá òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, a ti parí ẹ̀. Ó ku ọ̀kan, mo fẹ́ ṣeré lórí ìtàgé lọ́la, ẹnì kan wá kọ "break a leg" sí mi, ṣé kì í ṣe èpè?

Èsì 1:
Rárá o, àdúrà ni. Bí àwọn òṣèré ṣe máa ń wúre fúnra wọn nìyẹn kí wọ́n tó bọ́ sórí ìtàgé. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹ ṣé.