Ṣé kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ wo Ọ̀run Móoru?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Màmá mi ń bọ̀ wá kí wa l'Ákùúrẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n ní àwọn àti àwọn ọmọ ló máa jọ wo Baba Sàlá: Ọ̀run Móoru, fíìmù ọdún 1982 tí Ọlá Balógun darí. Ọmọ ọdún 8 àti 5 ni tèmi.

Ti gbájú-ẹ̀ tó lu Baba Sàlá ní jìbìtì nínú fíìmù náà, ìyẹn ò burú, kí wọ́n tètè mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti fẹ́ pa ara rẹ̀ sómi, tó lọ bá Ikú pàdé, ló ń kọ mí lóminú. Èyí ẹ̀gbọ́n, tó bá rí egúngún lásán, kò ní sùn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bọ́mọdé wò ó, ṣé kí n fo ibẹ̀ ni? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí màmá ò fi ní bínú?