Ta ló ti da perlite sínú ògiri rí ní Minnesota?

Ìyá Tòbí, Minneapolis: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé oníbúlọ́ọ̀kù la rà, òtútù sì ń gba inú ògiri wọlé. Èmi àti aládùúgbò la tún jọ ni ògiri ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ohun tó ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n là ń gbọ́. Wọ́n ní kí n da perlite, ìyẹn èérún funfun fífúyẹ́ tó ń dá òtútù dúró, sínú ihò inú búlọ́ọ̀kù. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Bọ̀dá Kúnlé, St. Paul: Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún òtútù, Ìyá Tòbí. Gíláàsì òkè ayọnáyèéfín ni, omi díẹ̀ há sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e sínú iná tó tó 900°C, omi yẹn á hó, gíláàsì á wú bíi gúgúrú. Afẹ́fẹ́ tó kún inú rẹ̀ ló ń dá òtútù dúró. Kì í gbaná. Èyí tí wọ́n fi sílíkónì pa lára ni kẹ́ ẹ rà, kó má baà fa omi. Ẹ fi ti àwọn olódòdó sílẹ̀. Òkè ògiri ni wọ́n ti ń dà á. Ẹ kọ́kọ́ dí gbogbo ibi tí wáyà àti páìpù gbà kọjá, torí ihò kékeré kan tó kó gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀. Ẹ lo ìbòmú, eruku rẹ̀ pọ̀.

Ti ariwo, ó fúyẹ́ jù láti dá a dúró tán. Ẹ dí ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì àti etí ògiri, kẹ́ ẹ wá kan pákó jípúsọ́ọ̀mù (drywall) méjì léra wọn. Ìyẹn lẹ máa mọ̀ lára jù.

Àǹtí Bísí, Duluth: Ẹ dúró ná! Ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé náà? Perlite funfun ni. Tí ẹ bá rí nǹkan tó rí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tó ń dán bíi góòlù tàbí fàdákà, vermiculite nìyẹn, òkúta míì tí wọ́n máa ń fi dá òtútù dúró. Èyí tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀ ní Libby, Montana, tí wọ́n tà pẹ̀lú orúkọ Zonolite, asbestos wà nínú rẹ̀, ìyẹn òkúta onífọ́nrán tí eruku rẹ̀ máa ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ti ibi ìwakùsà yẹn pa ní 1990, àmọ́ ó ṣì wà lókè àjà ilé púpọ̀, àní nínú búlọ́ọ̀kù pàápàá. Minneapolis yín níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fi iná mú púpọ̀ nínú rẹ̀ wú. Ẹ má lu ihò kankan o.

Ìyá Tòbí: Áà, Àǹtí! 1951 ni. Nǹkan tó ń dán wà lókè àjà, àpótí àwọn ọmọ wà níbẹ̀.

Àǹtí Bísí: Ẹ fi àpótí sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má gbá a, ẹ má fi ẹ̀rọ fà á, kí ọmọ kankan má gòkè. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ asbestos ni kẹ́ ẹ pè, kò gbọdọ̀ jẹ́ káfíńtà. Màá fi nọ́ńbà ẹni tó ṣe tiwa ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ yìí.