Ọmọ mi wà ní ilé ìtọ́jú bárakú, wọn kò sì gbà láti bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: kí ni òfin sọ?

Ìyá Àbíkẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́, n kò sì rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ nítòsí. Ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 23, pè mí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé oògùn apàrora tí wọ́n kọ fún òun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ti di bárakú fún òun, àti pé òun ń lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí wọn yóò dá òun dúró sí. Ó dárúkọ ibẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rí i bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. Nígbà tí mo pe ilé ìtọ́jú náà, obìnrin tí ó gbé fóònù fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé òun kò lè sọ pé ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn wà lọ́dọ̀ àwọn, òun kò sì lè sọ pé kò sí. Mo ní èmi ni mo bí i lọ́mọ. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ.

Amẹ́ríkà níbí ni a wà. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé adójútòfò ìlera tí gbogbo wa ń lò, bàbá rẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọmọ náà bẹ̀ mí pé kí n má tíì sọ fún un. Ṣé òfin ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń tẹ̀ lé, àbí wọ́n kàn fi ojú di mí ni? Bí nǹkan kan bá ṣe é ńkọ́, ṣé wọn yóò pè mí? Ṣé lẹ́tà adójútòfò kò ní tú àṣírí rẹ̀ fún bàbá rẹ̀? Ibi iṣẹ́ rẹ̀ náà ń kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìmọ̀ràn ràn mí lọ́wọ́.

Àǹtí Olùtọ́jú fèsì:

Màmá, ẹ kú ìfaradà. Irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi náà sì ti sọ ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn sọ fún òbí tí ń sunkún lórí fóònù, mo sì mọ bí ó ti ń dun olúwa rẹ̀ tó. Kì í ṣe àfojúdi rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni, èyí tí ó ní kí a pa àṣírí ẹni tí ń gba ìtọ́jú bárakú mọ́; 42 CFR Part 2 ni a ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ wa. Inú àwọn òfin tí àwọn aṣòfin ṣe ní 1970 àti 1972 ni ó ti jáde, nítorí pé ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn pé bí àwọn bá lọ jẹ́wọ́ fún olùtọ́jú pé àwọn ń lo oògùn olóró, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ̀gá àwọn níbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ sì ń tìtorí ẹ̀rù náà jókòó sílé pẹ̀lú àìsàn wọn. HIPAA, òfin 1996 tí gbogbo ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé, fún dókítà ní àyè díẹ̀ láti fi òye ara rẹ̀ bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀. Tiwa kò fún wa ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbí, mo ti sọ àìsàn tí ó ń ṣe é nìyẹn, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn ń wá ṣe lọ́dọ̀ wa.

Ìbuwọ́lù ọmọ yín nìkan ni ó lè ṣí ẹnu wa. Ìwé ìyọ̀ǹda tí a ń fún wọn kì í ju ojú ewé kan tàbí méjì lọ: orúkọ rẹ̀, orúkọ ilé ìtọ́jú, orúkọ ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀, ohun tí a lè sọ, ìdí tí a fi máa sọ ọ́, ìgbà tí ìyọ̀ǹda náà yóò parí, àti ẹ̀tọ́ tí ó ní láti gbà á padà. Orí ìlà ohun tí a lè sọ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹbí rò pé nínú kí ọmọ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ tàbí kí ó pa gbogbo rẹ̀ mọ́, ọ̀kan ni yóò ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè kọ síbẹ̀ pé kí a sọ fún ìyá òun pé òun wà níbí, pé ara òun le, kí a má sì sọ ohunkóhun mọ́. Ó lè kọ pé kí a pè yín bí a bá gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ti rí ẹni tí ó buwọ́ lu gbólóhùn kan ṣoṣo fún bàbá rẹ̀, tí gbólóhùn náà sì tó bàbá náà láti sùn ní òru ọjọ́ yẹn.

Ẹ ti béèrè bóyá a óò pè yín bí nǹkan bá ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, àwọn dókítà tí yóò dóòlà ẹ̀mí rẹ̀ ni òfin gbà wá láàyè láti sọ fún láìsí ìyọ̀ǹda. Kò ka ẹbí mọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ìlà kékeré yẹn fi ṣe pàtàkì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí ẹnikẹ́ni kì í sábà sọ fún òbí. Òfin dí wa lẹ́nu, kò dí wa létí. Ẹ pe ibẹ̀ padà, kí ẹ sọ pé ẹ mọ̀ pé wọn kò lè dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n pé bí ẹni báyìí bá wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ pè, pé ẹ fẹ́ kí ó buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda fún yín. Bí ikọ́ fée bá ń ṣe é, bí oògùn kan bá wà tí ara rẹ̀ kọ̀, bí ó bá ti dákú rí nígbà tí ó lo oògùn yẹn, ẹ sọ gbogbo rẹ̀. A óò kọ ọ́ sílẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wúlò fún wa ju ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ rántí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Bàbá Ìbejì fèsì:

Mo bọ̀wọ̀ fún òfin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́ lójú mi. Ẹni tí oògùn ti gbà lọ́kàn kò tíì lè dá ìpinnu tí ó yè kooro ṣe, òun náà ni a sì tún fún ní agbára láti ti ẹbí rẹ̀ mọ́ta. Ọmọ kì í dàgbà lójú ìyá rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màmá, ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú náà ni n bá lọ jókòó sí títí wọn yóò fi jẹ́ kí n rí ọmọ mi.

Àbúrò Yín Kan fèsì:

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ni àgbà. Mo ti gba irú ìtọ́jú yìí rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí láti inú ilé. Kí n tó buwọ́ lu ohunkóhun ní ọjọ́ tí mo dé, wọ́n fún mi ní ìwé kan tí ó to ẹ̀tọ́ mi lẹ́sẹẹsẹ, olùdámọ̀ràn mi sì jókòó tì mí títí mo fi kà á tán. Ohun tí mo kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀ ni bóyá wọn yóò sọ fún ilé. Nígbà tí mo rí i pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ àfi ẹni tí mo bá yàn, ìgbà náà ni mo tó lè la ẹnu sọ iye tí mo ń lò lóòjọ́ gan-an. Ẹ wò ó, iye yẹn ni dókítà fi ń díwọ̀n oògùn tí yóò fún ènìyàn kí ara rẹ̀ lè rọ̀. Bí mo bá ti purọ́ nítorí ìtìjú, ara mi ni irọ́ náà ìbá ti bá jà.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin òbí rò pé ìkọ̀sílẹ̀ ni àṣírí tí a ń pa mọ́. Ní tèmi, mo fẹ́ kí ìyá mi rí mi nígbà tí ọwọ́ mi kò bá gbọ̀n mọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà lè mú kí ọmọ náà gba ẹ̀yìn jáde, nítorí pé bí ó ti lè wọlé fúnra rẹ̀ ni ó lè jáde fúnra rẹ̀.

Agbẹjọ́rò Ẹgbẹ́ fèsì:

Màmá, mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ adójútòfò, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń jò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rú òfin. Láti lè gba owó, ilé ìtọ́jú yóò gba ìyọ̀ǹda ọmọ yín láti fi ìwé ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ adójútòfò. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ìlànà Part 2 yìí ṣe ní 2024, ìyọ̀ǹda ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè tó fún ìtọ́jú, owó sísan àti ètò iṣẹ́ ilé ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ adójútòfò yóò kọ lẹ́tà tí ó ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n san, wọn a sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ìwé náà, ìyẹn bàbá rẹ̀. Orúkọ ilé ìtọ́jú àti ọjọ́ ìtọ́jú lè wà nínú lẹ́tà yẹn gbangba. Òfin gba ọmọ títí di ọdún 26 láàyè láti wà lórí ìwé òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí òbí má rí lẹ́tà.

Ọmọ yín fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin, ni yóò kọ̀wé sí iléeṣẹ́ adójútòfò pé kí wọ́n máa fi ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì mìíràn. Lábẹ́ HIPAA, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà bí ó bá sọ pé títú ọ̀rọ̀ náà síta lè fi òun sínú ewu. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ ní òfin tí ó lágbára ju èyí lọ. Kí olùdámọ̀ràn rẹ̀ bá a ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé lẹ́tà náà kì í pẹ́ dé.

Ní ti ibi iṣẹ́, wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ láti ẹnu ilé ìtọ́jú. Bí iléeṣẹ́ náà bá ní òṣìṣẹ́ 50 ó kéré tán, tí ọmọ yín sì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù 12 ó kéré tán, tí ó sì ti ṣe iṣẹ́ wákàtí 1,250 láàárín oṣù 12 tí ó kọjá, òfin ìsinmi ìlera ti 1993 lè fún un ní ọ̀sẹ̀ 12 láìgba owó oṣù, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì dúró dè é. Ìwé ẹ̀rí tí olùtọ́jú yóò kọ kò nílò kí ó dárúkọ àìsàn. Àmọ́ ẹ kíyè sí orí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí: bí orúkọ ilé ìtọ́jú bárakú bá wà lókè rẹ̀, a ti sọ gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Dókítà mìíràn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ lè kọ ọ́.

Ilé-ẹjọ́ náà kò lè kàn kọ ìwé ìpè lásán kí wọ́n fi gba àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àṣẹ adájọ́ lọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ wà, lábẹ́ ìlànà tí òfin yìí là sílẹ̀. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá rán lọ sí ìtọ́jú ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé ìyọ̀ǹda tí ó buwọ́ lù fún wọn lè má ṣeé gbà padà kí ẹjọ́ náà tó yanjú. Ìfìyàjẹ ọmọdé àti ìwà ọ̀daràn tí aláìsàn bá hù nínú ọgbà ilé ìtọ́jú wà lára ohun tí àṣírí kò bò.

Ìyá Àbíkẹ́ padà wá:

Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run yóò máa wà pẹ̀lú yín. Mo pè padà bí Àǹtí Olùtọ́jú ti wí, mo sì sọ pé ikọ́ fée ń ṣe é láti kékeré. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, olùdámọ̀ràn kan pè mí, ó ní ọmọ mi ti buwọ́ lu ìwé pé kí àwọn máa sọ fún mi pé ó wà níbẹ̀ àti pé ara rẹ̀ ń yá. Mo béèrè irú oògùn tí wọ́n ń fún un, ó ní òun kò lè sọ. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n mo ti sùn.

Ìbéèrè kan ló kù. Pásítọ̀ wa mọ̀ pé ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé ó lè lọ bẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí ó jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run? Ṣé mo sì lè fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà ìjọ?

Àǹtí Olùtọ́jú fèsì:

Inú mi dùn gan-an, màmá. Pásítọ̀ kò ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ nínú òfin yìí. Ọmọ yín ni yóò kọ orúkọ pásítọ̀ sórí ìwé ìyọ̀ǹda bí ó bá fẹ́ kí ó wá. Ẹ jẹ́ kí olùdámọ̀ràn rẹ̀ bi í, kí ẹ sì gba bẹ́ẹ̀ kọ́ bí ó bá jẹ́ èsì rẹ̀.

Ní ti àdúrà ìjọ, òfin tí ó de àwa òṣìṣẹ́ kò de ẹ̀yin. Kò sí ẹni tí yóò mú yín bí ẹ bá sọ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ ọ́. Ẹyin lohùn. Àwọn ará ìjọ lè gbàdúrà fún ọmọ yín láìgbọ́ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó wà, òun náà ni yóò sì pinnu bóyá bàbá rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn yóò gbọ́, àti ìgbà tí wọn yóò gbọ́.

Bí ẹnikẹ́ni nínú òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá sì tú àṣírí rẹ̀ láìgba àṣẹ, ọmọ yín lè fi ẹjọ́ sun ilé ìtọ́jú náà, ó sì lè kọ̀wé sí Ẹ̀ka Ìlera ti ìjọba àpapọ̀ ní tààrà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dí ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́.